600 kìlómítà lórí kẹ̀kẹ́ láàárín wákàtí 40: báwo lèèyàn ṣe ń múra rẹ̀ láti Àbújá?

Kubwa_Ìdájí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á.

Brevet 600 kìlómítà ni mo fojú sí, ìyẹn ìrìn kẹ̀kẹ́ ọlọ́nà jíjìn tó ní gbèdéke àkókò, wákàtí 40 sì ni gbèdéke rẹ̀. Bó bá bọ́ sí i, mo fẹ́ kó 200, 300, 400 àti 600 jọ nínú ọdún kan náà kí n lè forúkọ sílẹ̀ fún Paris–Brest–Paris ti 2027, ìrìn kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé tí í ṣe 1,200 kìlómítà. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ alumíníọ́mù ni mo ní. Táyà rẹ̀ jẹ́ 28 mm, jíà iwájú jẹ́ eyín 50 àti 34, tẹ̀yìn eyín 11 sí 28. Ọgọ́fà kìlómítà lọ́jọ́ Sátidé kò pa mí lára.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: báwo ni wọ́n ṣe ń pín wákàtí 40 yẹn? Kí ni kéèyàn máa jẹ nínú ohun tó wà ní ọjà wa níbí, torí owó jẹ́ẹ̀lì òyìnbó ti kọjá agbára? Kí ni kẹ̀kẹ́ mi máa kọ́kọ́ fi kú sọ́nà? Àti pé níbo lèèyàn ti ń kọ́ gígùn òru, nígbà tí ọ̀nà tiwa kì í ṣe ọ̀nà òru? Ẹ má kàn sọ pé kí n ṣáà máa gùn ún o.


Ìṣirò_Ni

Ẹ káàbọ̀. Kí ẹ tó náwó lórí ohunkóhun, ẹ mú bírò.

600 nínú wákàtí 40, kìlómítà 15 ni wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń sá 22 nígbà tí táyà ń yí, wákàtí 27 àti díẹ̀ ni yóò lò lórí kẹ̀kẹ́. Ó ku bíi méjìlá àtààbọ̀ fún oorun, oúnjẹ, ìgbọ̀nsẹ̀, táyà tó jò àti ìwòsùn-ùn. Nítorí náà, eré kọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde, ìdúró ni. Ibùdó tí wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀ sí káàdì lè tó mẹ́jọ. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ṣòfò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 80 ti lọ, kìlómítà 29 nìyẹn ní eré yín.

Ètò tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń sá 22: ẹ gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀. Kìlómítà 350 àkọ́kọ́ máa gba wákàtí 16, ẹ fi mẹ́ta kún un fún ìdúró, aago kan òru ti lù. Ẹ sùn fún wákàtí mẹ́rin. Ibùdó tó bá wà ní kìlómítà 350 máa ń tì ní wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 20, ẹ̀yin á sì ti jáde ní wákàtí 23. Ẹ rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ láyè, ẹ má sùn kọjá bẹ́ẹ̀. 250 tó kù, ẹ má ṣírò rẹ̀ ní 22 mọ́, torí ẹsẹ̀ kò ní dá wọn lóhùn. Ẹ fi 20 ṣe é: wákàtí méjìlá àtààbọ̀, pẹ̀lú méjì àtààbọ̀ fún ìdúró. Ẹ ó dé ní wákàtí 38, aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kejì. Wákàtí méjì tó ṣẹ́ kù, ti àgbákò ni.

Ní ibùdó, ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní káàdì, kí ẹ rọ omi, kí ẹ tọ̀, kí ẹ ra oúnjẹ, kí ẹ sì máa jẹ ẹ́ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ má bọ́ bàtà. Àga ni ọ̀tá yín.

Fún ìdánrawò, ọ̀sẹ̀ 16 tó. Ẹ máa fi bíi ìdámẹ́wàá kún ọ̀nà jíjìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni Sátidé pẹ̀lú Sọ́ńdè tó tẹ̀ léra: 150 lónìí, 120 lọ́la, lórí ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀. Bí ẹ bá ti gun 300 ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sídìí láti gun 500 nílé. Ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù ní ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn.


Lugbe_Nọ́ọ̀sì

Ẹ ṣeun, Ìṣirò_Ni. Ẹ jẹ́ kí n gba apá oúnjẹ, torí ikùn ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá.

Oúnjẹ afáralókun, 60 gíráàmù ní wákàtí kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti kọ́ ikùn rẹ̀ lè dé 90, àmọ́ ìdánrawò ló ń kọ́ ikùn, kì í ṣe ọjọ́ eré. Ohun tí à ń rí níbí kò burú rárá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó tóbi díẹ̀ ní bíi 25 gíráàmù. Dabino, tí àwọn Hausa ń tà káàkiri, jẹ́ ṣúgà tó bíi ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ 40 gíráàmù rẹ̀ á fún yín ní 30, kì í yọ́, kì í sì í bàjẹ́ nínú oòrùn. Ẹ yọ kóró rẹ̀ nílé, torí ẹni tó ń tu kóró lórí kẹ̀kẹ́ kò wo iwájú. Másà dára bí epo rẹ̀ kò bá pọ̀. Kúlíkúlí dára ní alẹ́ fún ẹni tó fẹ́ jẹ nǹkan tó le tó sì níyọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti amáradàgbà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń pẹ́ níkùn. Ẹ má gbójú lé e nígbà tí ẹ bá ń gun òkè.

Fúrà dà nónò: ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá délé. Wàrà tó ti wà nínú igbá láti àárọ̀ ní oòrùn oṣù kẹta, ẹ ó sáré wọ igbó. Ṣúyà pẹ̀lú yájì, bákan náà. Gàrí ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè. Gàrí funfun tí kò kan, ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀, omi púpọ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wú tán nínú abọ́ kó má baà wú nínú yín.

Omi wá. Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó gùn àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Kílò kan tó dín, lítà òógùn kan ni, ẹ fi omi tí ẹ mu kún un, kí ẹ pín in sí wákàtí. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, lítà kan ní wákàtí kan kì í ṣe nǹkan ìyanu. Ẹ má gbìyànjú láti dá gbogbo rẹ̀ padà. 600 sí 800 mílílítà ni ikùn ọ̀pọ̀ èèyàn lè gbà láìrógì.

Àṣìṣe tó léwu jù nìyí: pure water lórí pure water láìsí iyọ̀. Bí ìwọ̀n yín bá *pọ̀* sí i lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, tí òrùka ń fún ìka, tí orí ń fọ́, tí èébì ń gbé yín, omi ti pọ̀ ju iyọ̀ lọ lára nìyẹn. Ẹ má mu omi kún un mọ́. Bí ọ̀rọ̀ onítọ̀hún bá ti ń dojú rú, ilé ìwòsàn ni. Láti dènà rẹ̀, ìdámẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀, tí orí rẹ̀ tẹ́jú, nínú lítà omi kan, á fún yín ní nǹkan bíi 575 mílígíráàmù sodium. Bí ojú aṣọ yín bá máa ń funfun fún iyọ̀ tí òógùn bá gbẹ, ẹ lè lọ sí ìdajì ṣíbí. Ṣíbí ṣúgà mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọsàn wẹ́wẹ́ kan tí a fún sí i, ó parí. ORS inú páálí ti ìgbẹ́ gbuuru ni. Gíráàmù glucose 13 àti àbọ̀ ló wà nínú lítà rẹ̀, kò lè jẹ́ oúnjẹ yín.


DeiDei_Sípánà

Àbúrò Kubwa, kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kò burú, bí o bá ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti inú kọ̀ǹténà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bọ̀, ó sì ti lè wà nínú ọ̀rinrin fún ọdún mélòó kan kó tó dé Àbújá.

Fọ férémù mọ́, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí páìpù ti pàdé lọ́dọ̀ pẹ́dà, àti lẹ́yìn orí fọ́ọ̀kì. Ìlà tó dà bí irun níbẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Má gùn ún. Lẹ́yìn náà, pààrọ̀ gbogbo wáyà jíà àti ti búréèkì, láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wáyà jíà máa ń já nínú ọwọ́ jíà níbi tójú kò tó, wáyà kan nínú báàgì kò wúwo. Táyà tó ti ń sán ní ẹ̀gbẹ́, sọ ọ́ nù bí ó tilẹ̀ tún nípọn.

Jíà 34 sí 28 yẹn wúwo jù fún ọ. Lọ́jọ́ kejì, lórí òkè kéékèèké, orúnkún ni yóò san gbèsè rẹ̀. Wá kásẹ́ẹ̀tì (àkójọ jíà ẹ̀yìn) 11 sí 34. Ṣùgbọ́n derailleur (irin tó ń gbé ṣéènì láti jíà kan sí òmíràn) tí apá rẹ̀ kúrú kì í sábà gba ju 28 tàbí 30 lọ, èyí tí apá rẹ̀ gùn ni o máa nílò, ṣéènì náà á sì gùn sí i. Ẹni tó bá ta kásẹ́ẹ̀tì fún ọ láìbéèrè derailleur rẹ, kò mọṣẹ́.

Ohun tó ń lu táyà lójú ọ̀nà wa jù lọ ni wáyà tín-tìn-tín inú táyà tírélà tó ti bẹ́, tó fọ́nká sí etí ọ̀nà. Bí o bá pààrọ̀ túùbù láìyọ wáyà yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún òun náà jò. Fi òwú tàbí aṣọ tó fúyẹ́ nu inú táyà yíká. Níbi tí òwú bá ti há ni wáyà wà. Kò ṣeé fi èékánná yọ, mú ẹ̀mú kékeré (tweezers) dání. Gbé túùbù mẹ́ta, àlẹ̀mọ́ mẹ́wàá, gọ́ọ̀mù méjì *tí ẹnikẹ́ni kò ì tíì ṣí*, torí gọ́ọ̀mù tí a bá ti ṣí ti gbẹ nígbà tí ìyọnu bá dé. Awẹ́ táyà àtijọ́ tó tó ìka méjì wúlò fún ihò ńlá.

Ẹnu túùbù rẹ jẹ́ Presta, tín-ínrín. Páǹpù àwọn fọkanáísà kò lè mú un. Irin idẹ kékeré kan wà tó ń sọ Presta di ẹnu táyà mọ́tò, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, dè é mọ́ ẹnu túùbù ọ̀kan títí ayé. Sọ fún fọkanáísà kó fún un díẹ̀díẹ̀, páǹpù mọ́tò lè bẹ́ túùbù rẹ kí o tó sọ pé ó tó.

Bí férémù bá gbà á, kúrò lórí táyà 28 mm, lọ sí 32. Ẹni tó wúwo tó kílò 75 pẹ̀lú ẹrù díẹ̀: bíi 58 psi lẹ́yìn, 53 níwájú. 90 tí wọ́n ń fún un kiri yẹn, ọwọ́ àti ìdí ló ń gbà á.

Hanger, irin kékeré tó gbé derailleur dání: ti kẹ̀kẹ́ kan kì í bá òmíràn mu. Kó o tó forúkọ sílẹ̀ fún ohunkóhun, wá ẹ̀dà tìrẹ. Bí ó bá tẹ̀ sójú ọ̀nà, kò sí ọjà tí wàá ti rí i lọ́jọ́ yẹn.


Kubwa_Ìdájí

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n, àti ẹ̀yin tó kù. Àwọn kan ní kí n lọ sí tubeless kí n bọ́ lọ́wọ́ túùbù. Ọ̀rọ̀ òru náà ṣì wà nílẹ̀ o.


Ọmọ_Ọ̀fà_Jos

Tubeless dára, àmọ́ ọyẹ́ àti ooru máa ń gbẹ sealant, omi inú táyà tó ń dí ihò, kíákíá. Ẹni tí kò ní máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, kó dúró ti túùbù. Nǹkan bí 40 sí 60 mílílítà fún táyà 32, ẹ sì tún gbé túùbù kan dání, torí ihò tí wáyà tírélà bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, sealant kò lè dí i.

Òru. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ fún ara wa: Àbújá sí Kaduna kì í ṣe ọ̀nà ìdánrawò, lóru tàbí lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ajínigbé ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀nà tó jáde kúrò ní ìlú, kí oòrùn ti yọ kẹ́ ẹ tó kan wọn, kí ẹ sì ti padà kó tó wọ̀. Ẹ kọ́ òru nínú ilé àti nínú ẹ́sítéètì. Ẹ́sítéètì tó ní géètì, tí iná ojú pópó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ yí i po láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago kan. Ó ń súni, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ kò ju mẹ́rin lọ: bí iná ṣe ń tàn, bí ẹ ṣe ń jẹun nínú òkùnkùn, aṣọ tí ẹ máa fi kún èyí tí ẹ wọ̀, àti bí ojú ṣe ń rí lẹ́yìn wákàtí 18 láìsùn. Ẹ sọ fún àwọn mẹ́gádì ṣáájú.

Ìdájí Sátidé ní aago márùn-ún, òpópónà Kubwa àti ti pápákọ̀ òfuurufú dára títí di bíi aago mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò tó ń gba ọ̀nà òdì ní etí ọ̀nà ni kí ẹ máa wò. Fún òkè, Ushafa sí Bwari, àti Mpape fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yún un.

Atẹ́gùn ọyẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn ló ń fẹ́, láti bí oṣù kọkànlá sí ìkejì. Ẹni tó bá lọ sí ìhà Keffi láàárọ̀ máa dojú kọ ọ́, atẹ́gùn á sì tì í padà wálé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ṣètò rẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ sì fi epo gbígbẹ tàbí wáàsì sí ṣéènì. Epo tútù pẹ̀lú eruku ọyẹ́ di iyẹ̀pẹ̀ ìlọta, á lọ ṣéènì àti kásẹ́ẹ̀tì pa.

Paris–Brest–Paris máa ń wáyé ní oṣù kẹjọ, òru ibẹ̀ sì lè tutù ju ohun tí ará Àbújá mọ̀ lọ. Ibi tó jọ ọ́ jù lọ́dọ̀ wa ni Jos ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, lórí òkè tó ga tó bíi 1,200 mítà. Òkè tí wọ́n ń pè ní Hawan Kibo, lójú ọ̀nà Akwanga sí Jos, ló ń fi jíà hàn: ẹni tí 34 sí 28 bá tó fún níbẹ̀, kó máa lò ó. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ má dá nìkan lọ, kí mọ́tò kan sì wà lẹ́yìn.

Checkpoint ṣọ́jà: ẹ ti dín eré kù kí ẹ tó débi àgbá. Ẹ bọ́ gíláàsì dúdú, ẹ pa kámẹ́rà, kí ọwọ́ méjèèjì hàn, ẹ kí wọn, “Sannu da aiki.” Ẹ má ya fọ́tò níbẹ̀ bó ti wù kí oòrùn ìdájí náà rẹwà tó.


Lugbe_Nọ́ọ̀sì

Mo gbàgbé ara fúnra rẹ̀.

Ìdí: ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ láìsí pátá lábẹ́ rẹ̀. Ìránpọ̀ pátá ló ń gé awọ. Ẹ fi ìpara sí i *kí* ẹ tó gbéra, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń ta. Níbi tí ẹ bá ti sùn, ẹ wẹ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wọ òmíràn. Zinc oxide tí à ń fi sí ìdí ọmọ ọwọ́ wúlò fún ibi tó ti bó.

Orúnkún: bí iwájú rẹ̀ bá ń dùn, sítì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ jù tàbí jíà ti wúwo jù, bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, sítì ga jù. Mílímítà méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ máa fi yí i, ẹ ṣàmì sí i kí ẹ lè dá a padà. Bí ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e bá ń kú, iṣan ọwọ́ ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀. Ẹ máa yí ibi tí ẹ dì mú padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀. Ẹni tí kò bá bójú tó o, ó lè má lè de bọ́tìnnì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Oorun: aago méjì sí márùn-ún òru ló léwu jù. Bí ẹ kò bá rántí kìlómítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, tàbí kẹ̀kẹ́ ń yà síta láìjẹ́ pé ẹ yà á, ẹ ti ń tòògbé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ mu kọfí, kí ẹ sùn lójú ẹsẹ̀, álààmù ìṣẹ́jú 20. Kọfí náà á máa wọ ara bí ẹ bá ṣe ń jí. Ẹni tó bá ń gbọ̀n tàbí tí ara rẹ̀ ń sú tata nínú oòrùn ọ̀sán, ooru ti mú un nìyẹn: ibòji, omi sí orí àti ọrùn, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ. Kó má gun kẹ̀kẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.


DeiDei_Sípánà

Ọmọ_Ọ̀fà, mo gbà pẹ̀lú yín lórí sealant.

Iná ló kù. Hub dynamo, ẹ̀rọ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń fi yíyí rẹ̀ pèsè iná, jẹ́ fóltì mẹ́fà, wáàtì mẹ́ta, kò ní kú lóru, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba fóònù sí bí eré bá wà lábẹ́ 15. Bí owó rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, iná bátìrì méjì, kí ọ̀kan máa sinmi. Power bank 10,000 mAh, 37 wáàtì-wákàtí ni lórí ìwé. Ohun tó máa bọ́ sínú fóònù rẹ kò ní ju bíi 31 lọ, ìyẹn fóònù ńlá kan lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì. Mú méjì. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ọwọ́ ni wọ́n ti ń gbé e, kì í ṣe ẹrù ìsàlẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju 100 wáàtì-wákàtí lọ láìgba àyè lọ́wọ́ ọkọ̀.

Bó o bá sì ń tú kẹ̀kẹ́ sínú páálí, pẹ́dà òsì kì í tú bí tọ̀tún. Sí apá ọ̀tún, bí aago ṣe ń yí, ni wọ́n ń yí i kó tó tú. Fi gíríìsì sí i nígbà tí o bá ń dá a padà.